Ẹ Yẹ Ohun Èlò Ilé Wò Nígbà Tí Pláànù Ṣì Wà Lórí Bébà

 

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ la fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí. Púpọ̀ nínú wa ló ń kó owó èsúsú jọ láti wó ilé àtijọ́ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yìí, kí wọ́n fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rọ́pò rẹ̀: ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá lókè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Òṣòdì Tápà àti àwọn èèyàn Kòsọ́kọ́ ti Ẹ̀pẹ́ padà dé ní 1862, tí wọ́n tẹ àdúgbò yìí dó, ilé amọ̀ ló pọ̀ jù ní Èkó. Ilé amọ̀ onílẹ̀ẹ́lẹ̀ kì í gbé èèyàn àti ẹrù lé orí ẹlòmíì. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń gbé e.

A ò sì tíì gbàgbé Ìta Fàájì. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí iléèwé ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó lulẹ̀ níbẹ̀. Èèyàn 20 ló bá a lọ, ọmọ iléèwé sì wà nínú wọn. Ibẹ̀ ò jìnnà sí ìsọ̀ wa.

Ohun tí a rí ni pé a máa ń ra ohun èlò ilé bí ìgbà tí a ń ra aṣọ ọdún. Owó dé, a ra. Bíríkìlà ní ká mú sìmẹ́ńtì wá, a mú un wá. Bẹ́ẹ̀, orí bébà ló yẹ ká ti yan gbogbo rẹ̀, nígbà tí ayàwòrán ilé ṣì lè fi ràbà pa á rẹ́.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wa la fẹ́ kó fẹ̀, kí òpó má dínà láàárín. Bí òpó bá dín, bíìmù tó wà lókè gbọ́dọ̀ tóbi sí i, irin inú rẹ̀ náà á pọ̀ sí i. Ẹ ò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ìyẹn lẹ́yìn tí irin ti dé. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa kó sókè fún un pẹ̀lú. Oníràísì kan nínú wa ò sọ ọ́. Yàrá ìsùn ni wọ́n yà fún un, ó sọ ọ́ di ilé ẹrù. Àpò 100 tó jẹ́ 50kg, tọ́ọ̀nù 5 nìyẹn lójú kan! Dẹ́kìn sán. Ọlọ́run ló yọ wá, ó tètè kó ẹrù kúrò.

Níbi irin ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kọ́ńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, irú ẹ̀ náà ló wà nídìí irin. Ẹyọ 12mm tó pé, tó gùn ní mítà 12, yẹ kó wọn bí 10.7kg. Ti 16mm fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19kg. Nítorí náà, tọ́ọ̀nù kan 12mm kò gbọdọ̀ ju ẹyọ 93 tàbí 94 lọ. Bí wọ́n bá ka 110 fún yín, ẹ má dúpẹ́ èènì o, irin náà ló tín-ín-rín. Bí wọ́n bá sì gbé 10mm fún yín lórúkọ 12mm, bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tí ẹnjinníà ti ṣírò ló ti lọ yẹn. Kí ẹnjinníà kọ bí irin ṣe máa nípọn tó àti iye ẹyọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ mú ìwé náà lọ sọ́jà, kí ẹ gbé ẹyọ kan kọ́ òṣùwọ̀n lójú ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá ń bínú sí òṣùwọ̀n, ẹ kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀.

Sìmẹ́ńtì náà ò rí bákan náà. Nọ́ńbà wà lára àpò rẹ̀. Ní 2014, àjọ SON ní kí wọ́n fi 32.5 rẹ́ ògiri nìkan; 42.5 ni ti òpó, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù.

Ti yanrìn kan àwa ará Erékùṣù gan-an, torí omi ló yí wa ká. Yanrìn òkun ní iyọ̀ nínú. Iyọ̀ á mú irin dógùn-ún, irin á wú, á sì fọ́ kọnkéré láti inú wá. Omi kànga oníyọ̀ ò dáa fún un pẹ̀lú. Ẹni tó ń fi ahọ́n mọ iyọ̀ ọbẹ̀ ò ní ṣi èyí mọ̀. Kí ó wà nínú ìwé pé yanrìn odò lẹ fẹ́. Bó bá dé, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ da omi sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹrẹ̀ tó dúró lórí rẹ̀ bá pọ̀, ẹ dá ọkọ̀ yanrìn padà.

Òrùlé ńkọ́? Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ máa ń tètè jẹ páànù lásán, álúmínì ń pẹ́ jù ú lọ, 0.55 sì nípọn ju 0.45. Ẹ yàn án kí káfíńtà tó ra igi. Ti táìlì, ẹ ra èyí tó bá wù yín.

Ẹni tọ́kàn rẹ̀ ò bá balẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù tàbí irin, ìjọba Èkó ní ilé àyẹ̀wò tiwọn, Lagos State Materials Testing Laboratory. Wọ́n á gba owó, àmọ́ kò tó owó dẹ́kìn kan.

Òṣùwọ̀n oníkọ̀ọ́ ti ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá fẹ́ yá a lọ ra irin, kó kọ orúkọ sílẹ̀, kó sì dá a padà lọ́jọ́ kejì.