Aláàfin Awólẹ̀ àti Ọ̀yọ́ Mèsì

Awólẹ̀, tí a tún ń pè ní Arógangan, jẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́ Ilé ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ó gorí ìtẹ́ lẹ́yìn ikú Abíọ́dún ní ọdún 1789. Ní nǹkan bí ọdún 1796 ni àwọn ìjòyè kọ̀ ọ́ lọ́ba, ó sì gbé májèlé jẹ.

Ọba àti ìgbìmọ̀ rẹ̀

Agbára Aláàfin ní ààlà. Ọ̀yọ́ Mèsì, ìyẹn ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni ó ń yan ọba, àwọn náà ni ó sì lè kọ̀ ọ́. Igbá òfìfo ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí ọba tí wọ́n bá kọ̀. Ọba tí ó bá rí igbá náà kò gbọdọ̀ rí oòrùn ọjọ́ kejì.

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí Samuel Johnson kó jọ, Awólẹ̀ ń ṣòwò ní Apòmù, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, kí ó tó jọba. Níbẹ̀ ni ó ti ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí oko ẹrú, Baálẹ̀ Apòmù sì ní kí wọ́n nà án. Nígbà tí ó dé orí ìtẹ́, ó ní kí ogun lọ kọlu ìlú náà. Abẹ́ Ifẹ̀ ni Apòmù wà, bẹ́ẹ̀ Aláàfin a máa búra pé òun kì yóò bá Ifẹ̀ jà láéláé. Baálẹ̀ pa ara rẹ̀ kí ìlú lè yè, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sí Ọ̀yọ́.

Lẹ́yìn èyí, ọba àti Baṣọ̀run Aṣàmú ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí Kùránì oníṣòwò Haúsá kan tí ọba ní kí wọ́n dá padà, tí wọn kò rí dá padà. Nígbà tí ó yá, ọba rán Afọ̀njá, Àarẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, sí Ìwéré, ìlú tí ó ṣòro láti ṣẹ́gun. Kakaǹfò tí kò bá ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kú. Kò ṣòro fún Afọ̀njá láti mọ ohun tí ọba ní lọ́kàn. Àwọn ológun kò ja Ìwéré. Wọ́n pa àwọn aṣojú ọba, wọ́n yí padà, wọ́n pàgọ́ sí ẹ̀yìn odi Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi igbá òfìfo ránṣẹ́.

Kí Awólẹ̀ tó kú, ó ta ọfà sí àríwá, sí gúúsù àti sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì ṣẹ́ èpè pé ibi tí ọfà òun lọ ni wọn yóò ti máa kó àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ lẹ́rú. Lẹ́yìn náà ni ó fọ́ àwo amọ̀ mọ́lẹ̀: igbá tí ó fọ́ ṣeé dí, àwo tí ó fọ́ kò ṣeé tún ṣe.

Ohun tí ó tẹ̀lé e

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìṣubú Ọ̀yọ́ sí èpè yìí. Ṣùgbọ́n nínú òṣèlú, ohun kan wà tí kò yẹ kí a gbójú fò: agbára ọmọ ogun ni wọ́n fi kọ ọba yìí. Ọ̀yọ́ Mèsì borí ààfin, àmọ́ Afọ̀njá kò padà sábẹ́ wọn. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé Aṣòfin bá Ọba Charles Kìíní jagun láti ọdún 1642, wọ́n sì bẹ́ orí rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1649. Ṣùgbọ́n àwọn ológun ti lé ọ̀pọ̀ aṣòfin jáde ṣáájú, Oliver Cromwell sì tú ìyókù ká ní ọdún 1653.

Ìlọrin ni Afọ̀njá fi ṣe ibùdó. Ó ké sí Àlímì àti àwọn jàmáà fún ìrànwọ́, àwọn náà ni wọ́n sì pa á níkẹyìn. Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro ní àárín ọdún 1830 sí 1840. Ogun Ìlọrin ń bọ̀ sí gúúsù títí ó fi dé Òṣogbo, níbi tí ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1840.