Oògùn kan náà, orúkọ méjì: Ta ni Medicare ń sanwó fún?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí àgbàlagbà l'Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ o. Oògùn kan náà, semaglutide, ló wà nínú Ozempic àti Wegovy. Síbẹ̀, Medicare, adójútòfò ìlera ìjọba fún ẹni ọdún 65 sókè, ń sanwó Ozempic fún onítọ̀ ṣúgà, àmọ́ òfin ọdún 2003 kò jẹ́ kó sanwó oògùn tí wọ́n ń lò torí àtidín sísanra kù nìkan. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni wọ́n gba Wegovy láàyè fún ẹni tó sanra jù tó tún ní àrùn ọkàn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba Trump kéde àdéhùn láti tún ṣílẹ̀kùn sí i.

Kí aláìsàn má fi àìsàn pamọ́ fún dókítà. Èyí tí kò bá sí nínú ìwé, àpò ẹni ni yóò san án.