Ṣé ajá terrier kékeré bá ilé yín mu?



Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń ta àgbàdo àti ẹ̀wà ní Adjamé béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wa. Eku ń jẹ àpò ọjà rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí. Àbúrò rẹ̀ wá gbà á nímọ̀ràn pé kó ra ajá terrier kékeré kan, nítorí pé irú ajá bẹ́ẹ̀ máa ń pa eku, kì í sì í gba àyè. Yàrá méjì ni ìyá náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń gbé ní Koumassi, nínú ọgbà tí ìdílé mẹ́jọ jọ ń lò, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí cour commune. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rà á?"

Ìbéèrè náà dára, torí pé kí a tó ra ajá ló yẹ kí a bi ara wa, kì í ṣe ìgbà tó bá ti ń gbó lóru. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ òní ni pé ara ajá yìí ló kéré, ìtọ́jú rẹ̀ kò kéré. Àkókò ló máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ju àyè lọ.

Irú ajá wo ni terrier?

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé mọ̀ pé terrier náà ni wọ́n ń pe ihò tí ehoro ń gbé nínú ilẹ̀. Orúkọ ajá yìí kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń sìn ín kó lè wọ inú ihò lọ lé ẹranko jáde, kó sì máa pa eku nínú àká. Jack Russell gba orúkọ lọ́wọ́ John Russell, àlùfáà kan ní Devon tó fẹ́ràn ọdẹ. Kò wúwo ju bíi kílò 5 sí 6 lọ, gíga rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Yorkshire terrier tún kéré sí i, bíi kílò 3 péré. Ní àgbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín, eku ni wọ́n sì fi ń pa. Lónìí, àwọn èèyàn ń di irun rẹ̀ ní rìbọ́ọ̀nù, wọ́n ń gbé e sínú báàgì, àmọ́ iṣẹ́ ọdẹ kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ajá ilé kì í mọ ọdẹ ṣe. Ti terrier yàtọ̀: ajá ọdẹ ni a mú wọnú ilé. Bó bá ń gbó, tó ń walẹ̀, tó ń lé ohunkóhun tó bá sáré kọjá, kì í ṣe pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sìn ín ló ń ṣe. Nítorí náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè márùn-ún yìí.

1. Ta ló máa ń wà nílé?

Jack Russell nílò ìrìn àti eré tó tó wákàtí kan lójúmọ́, ó kéré tán. Ẹ lè pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Yorkshire kò nílò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kì í fẹ́ dá wà. Bí gbogbo ilé bá jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí wọn kò sì padà títí di aago méje alẹ́, ajá náà yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Yóò jẹ bàtà, yóò họ ilẹ̀kùn, yóò gbó títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Nínú cour commune, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́.

2. Ẹran wo lẹ tún ń sìn?

Èyí kan ẹ̀yin ọlọ́sìn gan-an. Lójú terrier, òròmọdìyẹ, ehoro àti ọ̀yà kò yàtọ̀ sí ẹran ìgbẹ́. Àwọn kan máa ń mọ́ adìyẹ lára bó bá jẹ́ pé àárín wọn ni wọ́n ti dàgbà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú kúrò lára wọn. Bí ẹ bá ní àgò adìyẹ tàbí ilé ọ̀yà, ó gbọ́dọ̀ ní ògiri tàbí wáyà tó wọlẹ̀ dáadáa, torí pé ajá yìí mọ ilẹ̀ gbẹ́.

Ẹ tún rántí pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bí terrier bá rí alángbá ní òdìkejì títì, kò ní gbọ́ orúkọ tí ẹ ń pè. Pẹ̀lú bí gbaka àti wôrô-wôrô ṣe ń sáré nígboro wa yìí, ẹ má ṣe mú un jáde láìsí okùn lọ́rùn.

3. Kí ni àwọn aládùúgbò máa sọ?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó sanwó ajá. Lẹ́yìn náà, ẹ bá àwọn tí ẹ jọ ń gbé sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wá láti Ẹjìgbò àti agbègbè rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn aládùúgbò mìíràn náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tàbí ẹní ìkírun rẹ̀ kò kórìíra yín. Bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá bá wà láàárín ọgbà tí ajá yóò máa rìn ká, ìjà ti dé nìyẹn. Ọ̀wọ̀ ló yẹ kó ṣáájú.

Ti àwọn ọmọdé ńkọ́? Terrier fẹ́ràn eré, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n fà á nírù tàbí kí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọmọ kékeré àti ajá sílẹ̀ ní àwọn nìkan, bó ti wù kí ajá náà kéré tó.

4. Ṣé ó lè fara da ooru wa?

Ooru àti ọ̀rinrin kì í tán ní Abidjan. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ ni kí ara rẹ̀ lè tutù. Jack Russell onírun kúkúrú máa ń fara dà á ju Yorkshire lọ, ẹni tí irun rẹ̀ ń gùn láìdúró. Bí ẹ kò bá ní máa ya irun náà lójoojúmọ́, ẹ gé e mọ́lẹ̀. Kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa mú un rìn. Láti May títí di July tí òjò ń rọ̀ gan-an, ẹ ronú ohun tí ẹ ó ṣe ní ọjọ́ tí kò bá ṣeé jáde. Ẹ máa yẹ etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò fún eégbọn, nítorí pé eégbọn máa ń kó àrùn ẹ̀jẹ̀ ran ajá.

5. Èló ni gbogbo rẹ̀?

Ìṣirò ni mo kọ́ nílé ìwé, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ọ̀pọ̀ terrier kékeré máa ń lo ọdún 13 sí 15 láyé bí a bá tọ́jú wọn. Ká fi 500 CFA lójúmọ́ ṣe àpẹẹrẹ fún oúnjẹ. Ní ọdún kan, ó di 182,500. Ní ọdún 13, ó di 2,372,500 CFA. A kò tíì ka abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn aràn, oògùn eégbọn àti ọjọ́ àìsàn mọ́ ọn. Ẹ mú iye tó bá agbègbè yín mu, kí ẹ ṣe tiyín. Ẹ ó rí i pé owó tí ẹ fi ra ajá ló kéré jù nínú gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má ra ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyá rẹ̀ hàn yín, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gbé e sínú páálí lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò lè fi ìyá rẹ̀ hàn yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ṣé yóò pa eku?

Yóò pa èyí tó bá rí. Bí ẹ bá ń kó àpò kúrò nílẹ̀, tí eku sá jáde, terrier lè mú un kí ẹ tó yíjú padà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú àjà lóru kọjá agbára rẹ̀. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìyá wa yìí dáadáa: Adjamé ni eku wà, Koumassi ni ajá yóò máa gbé. Yálà kí ó ti ajá náà mọ́ inú ilé ìkẹ́rùsí lóun nìkan lóru, tàbí kó mú un wá sílé níbi tí kò ti sí iṣẹ́ fún un.

Ewu mẹ́ta tún wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni májèlé. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ lo májèlé eku, ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì lè lò ó, ajá tó bá sì jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè kú. Èkejì ni ìtọ̀ eku, tó ń kó àrùn leptospirosis ran ajá àti èèyàn. Ẹ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kòkó. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó kòkó pamọ́, ẹ gbọ́ o: hóró kòkó àti èèpo rẹ̀ jẹ́ májèlé fún ajá, díẹ̀ sì lè pa ajá tí kò ju kílò mẹ́ta lọ. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ náà kò dára fún un.

Ọ̀rọ̀ dìgbòlugi

Èyí kò ní àríyànjiyàn. Àrùn dìgbòlugi ṣì wà ní Côte d'Ivoire, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn jù. Ajá kékeré lè ní in bíi ti ńlá. Ẹ fún ajá ní abẹ́rẹ́ bó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa tún un ṣe ní àkókò tí dókítà ẹran bá kọ sínú ìwé rẹ̀. Bí ajá èyíkéyìí bá bu èèyàn jẹ tàbí ó ha á lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ata tàbí àgbo sí i. Ẹ lọ lójú ẹsẹ̀ sí Institut National d'Hygiène Publique ní Treichville, tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Ẹ má pa ajá náà, ẹ so ó mọ́lẹ̀ kí dókítà ẹran lè máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí àmì àrùn yìí bá ti hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ẹni tó ń là á já.

Èmi náà fẹ́ rà á rí

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mi ò fẹ́ràn ajá. Lọ́dún tó kọjá, mo rí ọmọ Jack Russell kan tí ẹnì kan fẹ́ tà, mo sì ti ń ka owó. Yàrá kan ni mo ní ní Yopougon. Mo kọ́kọ́ kọ àkókò tí mo ń lò nílé sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí mo bá yọ oorun àti oúnjẹ kúrò, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ló ń ṣẹ́kù lójúmọ́. Mo dá owó mi padà sápò. Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyà ni ǹ bá fi jẹ ajá náà.

Ìdáhùn mi fún ìyá wa ni pé kó má tíì rà á. Kó kọ́kọ́ dí gbogbo ihò tó tó àtàǹpàkò wọ̀. Kó gbé àpò sórí pákó, kó má jẹ́ kó kan ògiri, kó sì máa gbá hóró tó bá dà sílẹ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Terrier bá ẹni tó ní ọgbà tó ní ògiri yíká mu, tí ẹnì kan wà nílé lọ́sàn-án, tó sì fẹ́ràn ìrìn, bíi àwọn tó ní oko kékeré lọ́nà Bingerville.

Ó dá mi lóhùn pé àbíkẹ́yìn òun ti sọ ajá náà lórúkọ. Ó ṣòro láti sọ fún ọmọ pé rárá. Mo wá ní kó ra okùn ajá nìkan. Kí òun àti ọmọ náà máa jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, kí wọ́n rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì tún rìn nírọ̀lẹ́, láìsí ajá, fún oṣù kan gbáko. Bí wọ́n bá ṣe é láìpa ọjọ́ kan jẹ, a ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò.

Ẹ̀yin náà lè dán an wò.