Jàpáànì Ló Bí I, Ṣakí Ló Gbà Á Tọ́: Ìtàn Gémù Winning Eleven

Ẹ bi ọkùnrin ará Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn tó ń sún mọ́ ogójì ọdún léèrè pé ta ni Castolo, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ bú sí. Castolo kò sí láyé. Minanda kò sí, Ximelez kò sí, Ivarov tó ń ṣọ́lé náà kò sí. Ilé iṣẹ́ Konami ní Jàpáànì ló fi ọgbọ́n orí dá wọn, tó kó wọn sínú gémù bọ́ọ̀lù Winning Eleven, kí ẹni tó bá fẹ́ fi owó kékeré kọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lè rí àwọn tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan wà lẹ́bàá òkè Àṣàbàrí títí dòní tó mọ ìwà Castolo ju ti àbúrò ìyàwó wọn lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Kagemasa Kozuki ló dá Konami sílẹ̀ ní Òsákà lọ́dún 1969. Kì í ṣe gémù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ akọrin tí wọ́n máa ń fowó sí lẹ́nu ni wọ́n ń háyà fáwọn èèyàn, tí wọ́n sì ń tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Nígbà tí Jàpáànì wá bẹ̀rẹ̀ líìgì J.League ní 1993, ìlú gbóná fún bọ́ọ̀lù. Lóṣù Keje 1995, ẹ̀ka Konami tó wà ní Tókíyò gbé Winning Eleven àkọ́kọ́ jáde fún PlayStation, kìkì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Jàpáànì ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ka Òsákà ní gémù bọ́ọ̀lù tiwọn lọ́tọ̀, International Superstar Soccer, ti ẹ̀rọ Nintendo. Ti Tókíyò ló pẹ́ láyé jù. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ tà á fún àwọn ará Yúróòpù, orúkọ ti Òsákà ni wọ́n yá fún un, wọ́n pè é ní ISS Pro, kó tó di Pro Evolution Soccer (PES) ní 2001. Kò sí èyí tó kàn wá nínú gbogbo ìyẹn. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ PES gàdàgbà sára páálí rẹ̀, Winning Eleven náà ni lọ́dọ̀ tiwa.

Ọdún kan lẹ́yìn Winning Eleven àkọ́kọ́, ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1996 wáyé ní Atlanta, Nàìjíríà àti Jàpáànì sì bọ́ sí ìsọ̀rí kan náà. Jàpáànì na Brazil ní 1-0, ayọ̀ tí wọn kò tíì gbàgbé níbẹ̀ dòní. Lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà na Jàpáànì ní 2-0, tó tún na Brazil ní 4-3, tó na Ajẹntínà ní 3-2, tó sì gba góòlù lọ sílé. Tijani Babangida, ọmọ Kàdúná tó ń sáré lápá ọ̀tún, wà nínú ikọ̀ yẹn. N kò ní sọ pé tìtorí ọjọ́ tí wọ́n na Jàpáànì yẹn ni. Ohun tó dájú ni pé nígbà tí àwọn ará Tókíyò jókòó láti fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní máàkì eré sísá, iwájú pátápátá ni wọ́n to Babangida sí. Nígbà tí Winning Eleven 3 fi jáde lásìkò World Cup 1998, kò sí àṣírí mọ́: mú Nàìjíríà, tẹ àmì onígun mẹ́ta kí bọ́ọ̀lù ṣáájú ọmọkùnrin yẹn, di R1 mú, kó o máa lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ẹni tó ń ṣọ́ ọ yóò máa wò. Orúkọ Babangida, tí àwọn àgbà bá gbọ́ tí wọ́n ń rántí ìjọba ológun àti ètò ọrọ̀ ajé SAP, nǹkan mìíràn ni létí ọmọ ilé gémù.

Konami kò rán ẹnikẹ́ni wá sí Òkè-Ògùn, agbègbè Ṣakí àti Ìsẹ́yìn. Díìsì àdàkọ ni gémù náà, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú fọ́tòkọ́pì lójú rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ náà, ọjà tòkunbọ̀ kò sì ṣàjèjì ní Ṣakí tí kò jìnnà sí ibodè Òkèrètè. Èdè Jàpáànì ló kún ojú tẹlifíṣọ̀n, Jon Kabira ń pariwo góòlù lédè wọn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáànì, àmì òbíríkítí ni bẹ́ẹ̀ ni, àmì X ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Òdì-kejì ni ti àwọn òyìnbó. Ọmọ tí kò lè ka lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀ ti há a sórí: sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tẹ òbíríkítí, o ti dé ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Bí ike tó gbé lẹ́ǹsì PlayStation bá sì jẹ, tí kò rí díìsì kà mọ́, wọn á da ẹ̀rọ náà dojú dé bí ìjàpá tó ṣubú, á tún máa ka díìsì lọ. Mo ṣì ń rò ó pé ta lẹni àkọ́kọ́ tó dán ìyẹn wò.

Nílé gémù, jẹnẹrétọ̀ kékeré ń kùn níta, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde fún ẹlòmíràn, olówó gémù sì dúró lẹ́yìn wọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á, ẹ̀sítíráà táìmù ló kù!”

“Owó ẹ̀sítíráà táìmù náà dà?”

Alùfáà tó ń wá ọmọ kéú rẹ̀ kiri Ìsẹ́yìn mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ yà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá aláṣọ òkè tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi òfì sílẹ̀ lọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gémù FIFA ní 1993 ló rówó ra orúkọ. Konami kò ní tó wọn, ìdí nìyẹn tí Roberto Carlos fi di Roberto Larcos nígbà kan, tí Liverpool di Merseyside Red, tí Chelsea di London FC. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: nínú FIFA ìgbà yẹn, àfi bíi pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ bọ́ọ̀lù mọ́ ẹsẹ̀. Nínú gémù tí Shingo Takatsuka, tí wọ́n ń pè ní Seabass, darí, bọ́ọ̀lù dá wà láyè ara rẹ̀. O lè gbá a kó gun, kó ta mọ́ òpó, kó bá ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Orúkọ tí kò tọ̀nà, àwọn ọmọ ń tún un kọ fúnra wọn, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, sínú mẹ́mọ̀rí káàdì 8MB. Ẹni tí orúkọ pé sínú káàdì rẹ̀, ọlọ́lá ni ládùúgbò.

Ní tèmi, PES 5 ti 2005 àti PES 6 ti 2006 ni adé rẹ̀. Orí PlayStation 2 ni gbogbo ayé wà nígbà náà, ìjà sì sábà máa ń bẹ́ lórí ẹni tí yóò mú Inter Milan nínú PES 5, nítorí ẹsẹ̀ òsì Adriano àti eré Obafemi Martins. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ Nàìjíríà ni Tókíyò fi eré sísá dá lọ́lá, èyí sì jẹ́ ọmọ Èkó.

Láti 2007 ni gbogbo rẹ̀ ti ń rọ̀. FIFA gbayì lórí àwọn ẹ̀rọ tuntun, àmọ́ ta ló ní ẹ̀rọ tuntun ní Òkè-Ògùn? Ìbẹ̀rẹ̀ 2013 ni Sony jáwọ́ nínú ṣíṣe PlayStation 2, lẹ́yìn tó ti tà ju mílíọ̀nù 150 lọ, síbẹ̀ Konami tún gbé PES 2014 jáde fún un lópin ọdún yẹn, ọ̀kan lára gémù tó kẹ́yìn lórí ẹ̀rọ náà. Ní 30 oṣù Kẹsàn-án 2021, orúkọ tún yí padà sí eFootball. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń rẹ́rìn-ín, ó sì di gémù tí wọ́n bú jù nígbà náà lórí Steam, ọjà gémù orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ yìí náà kì í ṣí láìsí dátà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ yà sí PPSSPP, tó ń sọ fóònù di PSP, ẹ̀rọ gémù àmúdání ti Sony. Gémù PES àtijọ́ ti PSP, tí Konami ti pa tì lẹ́yìn PES 2014, ni wọ́n ń ṣí níbẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n ti tún ṣe: jẹ́ẹ́sì tuntun, agbábọ́ọ̀lù ọdún yìí, tí wọ́n fi Xender gbé láti fóònù sí fóònù, láìná dátà kankan. Kì í ṣe Tókíyò ló ń fún agbábọ́ọ̀lù ní máàkì níbẹ̀ mọ́, ẹni tó tún fáìlì náà ṣe ló ń fún un. Ẹ má bi mí léèrè iye tó fún Osimhen ọmọ Nàìjíríà.