Ẹ Má Gba Bútà Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Ń Bọ̀ Sípò



Bí bàbá tàbí ìyá kan bá padà sílé ní Sábó, ìbáà ṣe l'Ọ́yọ̀ọ́ tàbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, lẹ́yìn tí wọ́n fi kíndìnrín tuntun sí i lára, gbogbo ilé ni yóò dìde. Ọ̀kan á wẹ̀ ẹ́, ọ̀kan á wọ̀ ọ́ láṣọ, òmíràn á máa bá a bu omi àlùwàlá. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè di ẹni tí kò lè dá wọ ṣòkòtò.

Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó. Nígbà tí yóò fi di 2002, wọ́n ti ṣe é n'Ílé-Ifẹ̀. Bí dókítà bá parí tirẹ̀, ó ku ti àwọn òṣìṣẹ́ occupational therapy. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n ti ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún máa dá wẹ̀, dá múra, dáná, tí yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ wọn nìyí:

Dídìde: Ìsàlẹ̀ ikùn ni ojú abẹ wà. Kí ó kọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ó wá fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde.

Ìwẹ̀ àti àlùwàlá: Kí ó jókòó sórí àga. Kí bútà rẹ̀ má wúwo, kí omi má sì kan báńdéèjì.

Ìrun: Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gba ẹni tí kò lè dúró láyè láti jókòó kírun. Kí ó fi orí júwe rúkúù àti ìforíkanlẹ̀ títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda.

Ẹrù: Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 tó kílò 25. Kò gbọdọ̀ gbé e, kò sì gbọdọ̀ gbé àpò àlùbọ́sà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Bí ó bá ń padà sí ìsọ̀, kí ó fi wákàtí díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa bá a gbé ọjà.

Oògùn: Oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín náà ń dín agbára ara láti bá àrùn jà kù. Aago ni kí ẹ fi ṣọ́ àkókò rẹ̀, ẹ má fi ìrun ṣọ́ ọ, nítorí àkókò ìrun máa ń yí padà. Kí ó má jáwọ́ nínú rẹ̀, kí ó má sì gba ààwẹ̀ láìbi dókítà. Kí àlejò fi ọṣẹ fọwọ́. Kí ẹni tó ń wúkọ́ fi fóònù kí i. Kí ẹlòmíràn máa gbá ilé àgbò àti ti adìyẹ.

Bí ó bá ń lo ogún ìṣẹ́jú kí ó tó wọ aṣọ tán, ẹ jẹ́ kí ó lò ó. Ẹ dúró nítòsí, ẹ má gbà á ṣe. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.