Ìlẹ̀kùn Onírin Lára Ọkọ̀ Òfuurufú Àfọwọ́kàn: Ibi tí Ọgbọ́n Alágbẹ̀dẹ Dé àti Ibi tí Kò Dé

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí a ṣe ń ṣe ìlẹ̀kùn onírin, tí a sì ń dè é mọ́ ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ àti panẹ́bítà ní ìlú bí Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni a óò fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé bí iṣẹ́ yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àgbègbè wa, ọwọ́ irú wọn ni yóò bọ́ sí. (“Onírin” tí a wí yìí, orúkọ lásán ni, alumíníọ̀mù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.)

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Ara RV-6A, tí Van's Aircraft ti Amẹ́ríkà ń tà nígbà kan rí fún àwọn tí ń kàn án nílé, ni iléeṣẹ́ AIEP ní Kàdúná ti mú Air Beetle jáde fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú. Ṣùgbọ́n ìdérí dígí ni ti ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ tí apá rẹ̀ wà lókè orí awakọ̀ ni ó nílò ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́.

Ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀ yóò sọ pé ńṣe ni atẹ́gùn ń ti ìlẹ̀kùn wọlé. Òdìkejì rẹ̀ ni ó sábà máa ń rí: bí atẹ́gùn ti ń sáré kọjá lára ibi tí ó yọ ikùn, ó ń fà á síta. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 180 ní wákàtí kan, tí ìlẹ̀kùn sì fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 0.6, tí fífà náà sì jẹ́ ìdajì ìtì atẹ́gùn, agbára rẹ̀ yóò sún mọ́ ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì kan. Ìdí nìyí tí àgbékọ́, èyí tí káfíńtà ń pè ní híńjì, fi yẹ kí ó wà níwájú. Bí ìkọ́ bá já, atẹ́gùn yóò máa dá ìlẹ̀kùn padà. Bí ó bá wà lẹ́yìn, atẹ́gùn yóò fà á ya. Ìkọ́ kan ṣoṣo kò sì tó. Méjì ni ó yẹ, lókè àti nísàlẹ̀.

Iná ni ọ̀ràn tí ó le jù. Aṣírù Ọlátúndé (1918–1993), alágbẹ̀dẹ Òṣogbo tí ó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, fi òòlù gbé àwòrán jáde lára páànù bàbà àti alumíníọ̀mù. Páànù tí ó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti rọ̀. Ọgbọ́n tí àwọn tí ń lu alumíníọ̀mù ń lò láti mú un rọ̀ ni kí wọ́n fi ọṣẹ pa á lára, kí wọ́n sì yáná sí i títí ọṣẹ yóò fi dúdú. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí 6061-T6, irú tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àfọwọ́kàn ń lò, agbára tí ó lè gbà kí ó tó tẹ̀ láìpadà sípò yóò já wálẹ̀ láti nǹkan bíi 276 sí 55 megapascal, ìdá kan nínú márùn-ún. Ojú kò sì lè rí ìyàtọ̀ náà. Nítorí náà, tútù ni a ń tẹ̀ ẹ́, kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ mú ju ìlọ́po méjì sí mẹ́ta nínípọn páànù lọ, kí ó má baà sán.

Ní ti dídè, ojú ihò ni kí a ti mú ìwọ̀n, kì í ṣe ojú àwòrán. Kí ara ọkọ̀ kọ́kọ́ parí, kí ó dúró lórí táyà ara rẹ̀, nítorí ó máa ń yí díẹ̀. Páálí ni a ó fi gba àpẹẹrẹ, kí a tó gé páànù. Ihò kékeré ni a kọ́kọ́ ń lu, a ó fi ìdè ìgbà díẹ̀ so ó, a ó gbé ìlẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a tó fẹ ihò náà fún rífẹ́ẹ̀tì. Panẹ́bítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fẹ́ fi òòlù fipá mú ibi tí kò bá jọ. Níhìn-ín, ńṣe ni ká tún òmíràn gé. Kí a fi àlàfo sílẹ̀ fún rọ́bà yíká kí a tó de àgbékọ́, nítorí rọ́bà tí a bá fi kún un lẹ́yìn náà kì í jẹ́ kí ìkọ́ wọlé tán. Ẹni tí ó wà nílẹ̀ lóde náà sì gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ kan ṣí i, bí awakọ̀ kò bá lè dìde.