Ta Ni Yóò Ka Ìwé Owó Olóògbé?

Nígbà tí bàbá mi fi ayé sílẹ̀, òkè òkun ni mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Kí n tó dé Ìbàdàn, a ti sin wọ́n, àwọn àlejò ti jẹun, wọ́n sì ti tú ká. Mo bá ìyá mi nínú yàrá pẹ̀lú agolo bisikíìtì kan tí ó kún fún rìsíìtì, àti ìwé tí bàbá mi, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, máa ń kọ ìnáwó ilé sí lójoojúmọ́.

Ìwé náà tú ọ̀pọ̀ nǹkan fó. A rí i pé bàbá mi jẹ gbèsè èsúsú oṣù méjì. A sì rí i pé wọ́n ń san owó ilé-ìwé ọmọ aládùúgbò kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní kí á san ti sáà tí ó kù.

Nígbà náà ni a lọ sí báńkì. Ọkàn ìyá mi balẹ̀, nítorí orúkọ wọn ni bàbá mi kọ sínú fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí ìbátan tí ó súnmọ́ wọn jùlọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé ní Nàìjíríà, ẹni tí a kọ síbẹ̀ kì í tipa bẹ́ẹ̀ di àrólé. Ẹni tí báńkì yóò kàn sí ni. Bí báńkì bá ti gbọ́ ikú, yóò ti àkáǹtì náà pa títí a ó fi mú ìwé àṣẹ wá láti Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti ìpínlẹ̀. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, ẹbí yóò yan àwọn tí yóò bójú tó ohun ìní, wọn yóò wá oníduuro, a ó sì polongo rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tí ó bá ní àtakò lè jáde.

Bàbá mi kò ṣe ìwé ìhágún. Ọ̀pọ̀ baba ni kò ṣe é. Ọkùnrin kan kú bẹ́ẹ̀ ní Èkó ní 1940, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aya mẹ́rin. Ṣé idí-igi ni a ó fi pín ogún rẹ̀ ni, àbí orí-òjorí? Ẹjọ́ náà, ti Danmole àti Dawodu, kò parí títí di 1962, nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ́nù fi ọwọ́ sí idí-igi.

Oṣù mẹ́sàn-án ni tiwa gbà. Ní gbogbo àkókò yìí, mítà iná ń béèrè owó. Ẹnìkan nínú ẹbí dábàá pé kí á máa fi káàdì bàbá mi fa owó jáde, òun mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní owó náà ti di ti gbogbo ọmọ, àwọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi àwọn léèrè ohun tí àwọn kò lè fi hàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má gbàgbé èyí: òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 pàṣẹ fún agbanisíṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pé kí ó san owó adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ owó iṣẹ́ ọdún kan. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín.

Ìyá mi ra ìwé tuntun. Wọ́n kọ ohun tí a san lẹ́yìn ikú sí apá kan, wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó san án sí ìkejì. Nígbà tí àṣẹ dé, gbogbo ọmọ bàbá mi péjọ, ìyá mi sì kà á sí wa létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan owó ilé-ìwé ọmọ aládùúgbò náà.